Orin Linda Thompson Lọ́fun Ẹlòmíràn

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí ọ̀rọ̀ kan ti ń jà ràn-ìn lọ́kàn mi. Mo ń fọ abọ́, ó wà níbẹ̀. Mo wọ ọkọ̀, ó tẹ̀ lé mi. Ọ̀rọ̀ náà ò ju báyìí lọ: lọ́dún 1982, Linda Thompson, olórin ìbílẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wà lójú ọ̀nà ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú Richard ọkọ rẹ̀, tí wọ́n jọ ń kọrin láti ìlú dé ìlú. Ọkọ yìí ti sọ fún un pé òun ti rí obìnrin mìíràn. Ọmọ kẹta tí Linda bí fún un ṣì jẹ́ ọmọ ọwọ́. Alaalẹ́ ni àwọn méjèèjì ń dúró lórí ìtàgé kan náà, tí wọ́n ń kọ orin nípa ìfẹ́ tó dàrú, lójú gbogbo èrò. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, obìnrin yìí ti ń bá àìsàn ohùn yí fún bí ọdún mẹ́wàá ṣáájú ìgbà náà. Àwọn ọjọ́ kan wà tó máa la ẹnu tí orin ò ní jáde.

Nínú ìrìn àjò yẹn, orin jáde. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ fún àwọn oníròyìn pé àsìkò yẹn gan-an ni ohùn òun tú sílẹ̀.

Ohun tó ń dà mí láàmú nìyẹn. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa ọ̀fun àti ìbànújẹ́ ni pé ìbànújẹ́ máa ń dí ọ̀fun pa. Ẹni tí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀, omi lásán kì í fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ́fun. Báwo ni ti obìnrin yìí ṣe wá yàtọ̀? Mo tún ní ìdí kan tó kàn mí tìkára mi tí mo fi ń béèrè. Màá dé ibẹ̀.

Àìsàn tí wọ́n fún ní orúkọ burúkú

N kò ní pẹ́ lórí ìgbà èwe rẹ̀. Hackney ní Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1947, Glasgow ní Skọ́tílándì ló dàgbà sí, ó padà wá sí Lọ́ńdọ̀nù, ó ń kọrin nínú àwọn ilé ọtí tí àwọn ọ̀dọ́ olórin ìbílẹ̀ ń péjọ sí nígbà náà. Orin ìpolówó ọjà ló fi ń rówó jẹun. Ọdún 1972 ni òun àti Richard Thompson fẹ́ra. Richard ló ń ta gìtá nínú ẹgbẹ́ Fairport Convention tẹ́lẹ̀. Ọdún 1974 ni àwo orin àkọ́kọ́ tí àwọn méjèèjì jọ ṣe jáde, I Want to See the Bright Lights Tonight.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí àìsàn yìí gbà lọ́wọ́ rẹ̀, kó lọ gbọ́ àwo yẹn. Linda kì í gbọn ohùn, kì í fà á, kì í fi ẹkún kún un kí olùgbọ́ lè mọ̀ pé orin ìbànújẹ́ ni. Ohùn rẹ̀ dúró bí omi inú kànga ní òwúrọ̀. Á sọ ọ̀rọ̀ tó burú jáì jáde pẹ̀lú ìfarabalẹ̀, ìwọ tó ń gbọ́ ni wàá fúnra rẹ mi kanlẹ̀. Irú ohùn bẹ́ẹ̀ kò ní ibi tó lè sá pamọ́ sí. Ẹni tó ń gbọn ohùn lè fi gbígbọ̀n bo àbùkù mọ́lẹ̀. Ẹni tó ń kọ ọ́ ní tààrà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìgbà tó lóyún àkọ́bí rẹ̀, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ló kọ́kọ́ kíyè sí i pé ọ̀fun òun ń há. Spasmodic dysphonia ni wọ́n ń pe àìsàn náà lónìí. Ọpọlọ ló ń rán iṣẹ́ òdì sí àwọn iṣan inú gògóńgò, tí àwọn iṣan náà á sún kì nígbà tó yẹ kí wọ́n dẹ̀, tí ohùn á fi já sí wẹ́wẹ́ lẹ́nu. Àwọn obìnrin ló ń ṣe jù. Kò ní oògùn tó ń lé e lọ pátápátá. Wọ́n máa ń gún àwọn alárùn náà ní abẹ́rẹ́ Botox sí gògóńgò kí iṣan lè rọ̀ fún oṣù díẹ̀, Linda náà gbìyànjú rẹ̀. Ohun tó sì jọ mí lójú jù ni pé àìsàn náà kì í ṣe déédéé. Èèyàn lè má lè sọ gbólóhùn kan geere lórí fóònù, kí ó sì rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ohùn tó mọ́ gaara.

Nítorí pé kò ṣe déédéé yìí ni ọ̀pọ̀ dókítà ìgbà yẹn ṣe gbà pé inú ọkàn ló ti ń wá. “Hysterical” ni wọ́n kọ́kọ́ kọ síwájú orúkọ àìsàn náà fún Linda. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fà yọ láti inú èdè Gíríìkì ni, láti ara ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí ilé ọmọ. Ẹ wo ọ̀rọ̀ burúkú: obìnrin lóyún, ohùn rẹ̀ há, wọ́n sì wo ojú rẹ̀, wọ́n ní ilé ọmọ rẹ̀ ló ń dà á láàmú.

N kò ní lè fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, torí a ò sàn jù wọ́n lọ. Nígbà tí ohùn màmá mi bẹ̀rẹ̀ sí í já, mo ṣì kéré. Àwọn ni wọ́n ń lé orin fún ẹgbẹ́ àwọn ìyá nínú ìjọ wa. Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ ọpọlọ tàbí iṣan. Àwọn kan ní wọ́n ti fi nǹkan sí i lọ́fun. Àwọn mìíràn ní ẹ̀ṣẹ̀ tí wọn ò jẹ́wọ́ ni. Títí dòní n kò mọ ohun tó ṣe wọ́n, dókítà tí a bá pàdé kò sọ nǹkan gidi fún wa. Ohun tí mo mọ̀ ni bí ojú wọn ṣe rí lọ́jọ́ tí ẹnìkan gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ wọn láàárín orin, tó fi fún ẹlòmíràn. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n lọ jókòó sẹ́yìn.

Alaalẹ́ ní Amẹ́ríkà

Ẹ jẹ́ kí a padà sí 1982, torí ibẹ̀ ni ìdí ọ̀rọ̀ wà.

Àwo orin tí wọ́n ń polówó nínú ìrìn àjò yẹn ni Shoot Out the Lights. Wọ́n ti kọ́kọ́ gba àwọn orin kan nínú rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1980 pẹ̀lú Gerry Rafferty, olórin tó bójú tó iṣẹ́ náà fún wọn, kò sí ilé iṣẹ́ tó fẹ́ gbé e jáde. Ní òpin 1981 wọ́n tún un gbà lábẹ́ ìdarí Joe Boyd, ní kíá, pẹ̀lú owó táṣẹ́rẹ́. Linda ti lóyún ọmọ kẹta nígbà yẹn, èémí rẹ̀ kò tó láti fa ìlà orin gígùn dópin. Ẹni tó bá fetí sílẹ̀ dáadáa á gbọ́ bó ṣe ń fi ọgbọ́n mí. Àwo náà jáde ní 1982. Ìwé ìròyìn Rolling Stone wá fi í sí àwọn mẹ́wàá tó dára jù lọ ní gbogbo àwọn ọdún 1980.

Gbogbo èèyàn ló rò pé ìgbéyàwó tó tú ni wọ́n fi kọ àwọn orin náà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti kọ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kí ọ̀rọ̀ tó dójú rú. Ohun tó ṣẹlẹ̀ burú ju ohun tí àwọn èèyàn rò lọ: orin ló ṣáájú, ìṣẹ̀lẹ̀ ló wá bá a. Ẹ fojú inú wò ó. O ti kọ orin nípa ilé tó ń jó nígbà tí ilé rẹ ṣì dúró. Iná wá sọ, àwọn èèyàn sì ti ra tíkẹ́ẹ̀tì láti wá gbọ́ orin náà.

Linda kò fi ohun tó ṣe nínú ìrìn àjò yẹn pamọ́. Ó ti sọ ọ́ fún ẹni tó bá bi í pé ọtí ni òun ń mu, pé òun ń ta ọkọ òun nípàá lórí ìtàgé nígbà tó bá ń ta gìtá lọ́wọ́. Àwọn tó wà nínú gbọ̀ngàn rí i. Bẹ́ẹ̀, nígbà tó bá kàn án láti kọrin, á sún mọ́ ẹ̀rọ, ohùn tó ti ń sá fún un láti ọdún mẹ́wàá á sì jáde, ó kún, ó sì mọ́. Àwọn àgbà wa ní bí a bá ń sunkún, à máa ríran. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé èèyàn tún lè máa sunkún kó máa kọrin, kí orin sì wá dára ju ti ọjọ́ ìgbádùn lọ.

Kí ló fà á? Mo ti rò ó títí. Èrò tèmi ni pé ẹni tí àìsàn ohùn bá ń ṣe máa ń ṣọ́ ọ̀fun ara rẹ̀ bí ẹni tó ń gbé ìkòkò omi sórí lójú ọ̀nà tó ń yọ̀. Kí ó tó la ẹnu, ó ti ń bẹ̀rù. Ìbẹ̀rù náà á tún mú kí iṣan sún kì sí i. Ní 1982, ọkàn Linda kò sí lọ́dọ̀ ọ̀fun rẹ̀ mọ́. Wàhálà tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ ti gbà á. Kò rójú ṣọ́ ìkòkò, ìkòkò kò sì fọ́.

Ṣùgbọ́n mo ń ṣọ́ra, torí ibi tí àwọn dókítà ìjọ́sí ti ṣìnà nìyí. Ẹnìkan lè ka ohun tí mo kọ yìí kó ní, “Ṣé ẹ wá rí i, ọkàn rẹ̀ ló ń ṣe é.” Rárá o. Àìsàn tó fi èèyàn sílẹ̀ fún oṣù díẹ̀ kò di irọ́ nítorí ìyẹn. Ìbànújẹ́ ò wo Linda sàn. Ó kàn ṣílẹ̀kùn fún ìgbà díẹ̀ ni, ilẹ̀kùn náà sì tún padà tì.

Shirley Collins ni mo fi ń gbé e yẹ̀ wò. Òun náà jẹ́ akọrin ìbílẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àgbà pátápátá, Hastings lẹ́bàá òkun ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1935. Lọ́dún 1978, ó ń kọrin nínú eré kan ní National Theatre ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọkọ rẹ̀ ló ṣáájú ẹgbẹ́ olórin inú eré náà, ọkọ yìí sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi í sílẹ̀ nítorí obìnrin mìíràn. Ohùn Shirley há lórí ìtàgé níbẹ̀, kò sì padà bọ̀ sípò. Ọdún méjìdínlógójì ló wà láàárín àwo orin tó ṣe lọ́dún yẹn àti èyí tó tẹ̀ lé e, Lodestar, ní 2016. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni nígbà yẹn.

Ẹ̀dùn ọkàn kan náà, iṣẹ́ kan náà, ìtàgé àti ọkọ. Ó ti ẹnì kan lẹ́nu pa, ó ṣí ẹnu ẹnì kejì. Ọ̀rọ̀ sùnnùkùn, ojú sùnnùkùn la fi ń wò ó. Ẹni tó bá sọ fún mi pé òun mọ bí ìbànújẹ́ ṣe ń ṣiṣẹ́ lára èèyàn, màá ní kó lọ wo àwọn obìnrin méjì yìí ná.

Ẹni tó dá orin àti ẹni tó lé e

Lẹ́yìn 1982, ìgbéyàwó tú pátápátá. Linda ṣe àwo orin tirẹ̀ ní 1985, One Clear Moment, kò tà púpọ̀. Ohùn tún lọ. Ó pa orin tì, ó lọ ń ta ohun ẹ̀ṣọ́ àtijọ́ ní ṣọ́ọ̀bù ní Lọ́ńdọ̀nù. Títí di 2002 ni kò fi gbé àwo orin tuntun mìíràn jáde.

Àmọ́ nǹkan kan ṣẹlẹ̀ láàárín, tí àwọn tó ń kọ ìtàn rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dúró lé lórí. Nínú àwo 1985 yẹn ni orin kan wà tí òun àti Betsy Cook jọ kọ, “Telling Me Lies.” Ní 1987, Dolly Parton, Linda Ronstadt àti Emmylou Harris para pọ̀ ṣe àwo orin kan, wọ́n sì mú orin yìí sínú rẹ̀. Wọ́n yàn án mọ́ àwọn orin tí wọ́n ń dù fún àmì ẹ̀yẹ Grammy gẹ́gẹ́ bí orin kọ́ńtírì tó dára jù. Linda jókòó ní Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú ọ̀fun tó ti pa, orin rẹ̀ ń dún nínú rédíò Amẹ́ríkà láti ẹnu àwọn obìnrin mẹ́ta tí ayé ò lè gbàgbé.

Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀nà ti là, bó tilẹ̀ gba ogójì ọdún ó dín díẹ̀ kó tó tọ̀ ọ́ débi tó lọ.

Ní èdè tiwa, a ní ọ̀rọ̀ tó dára fún èyí. Ẹnì kan á dá orin. Ẹnì kan á lé e. Àwọn tó kù á gbè é. A kì í sọ pé ẹni tó dá orin gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó lé e. Mo mọ àwọn ìyá tó jẹ́ pé gbogbo orin ayẹyẹ àdúgbò, àwọn ló dá a, tí o kò sì ní gbọ́ ohùn wọn láàárín èrò. Nínú òwò orin ayé òde òní ni a ti so méjèèjì pọ̀, tí a fi rò pé ẹni tí ohùn rẹ̀ bá lọ, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí.

Ní oṣù Òkúdù ọdún 2024, Linda gbé àwo kan jáde tó pè ní Proxy Music. Proxy ni aṣojú, ẹni tó dúró fún ni. Ó fi orúkọ náà ṣeré pẹ̀lú orúkọ ẹgbẹ́ Roxy Music, ó sì lọ dùbúlẹ̀ ya fọ́tò gẹ́gẹ́ bí omidan tó wà lára àwo àkọ́kọ́ ẹgbẹ́ yẹn ní 1972, òun tó ti lé ní ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rin. Inú mi dùn sí fọ́tò yẹn gan-an. Orin mọ́kànlá ló wà nínú àwo náà. Òun ló kọ wọ́n, àwọn kan pẹ̀lú Teddy ọmọ rẹ̀. Kò sí ọ̀kan tó lé fúnra rẹ̀.

Ìmọ̀ tó fi pín àwọn orin náà ni mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí. The Proclaimers, àwọn ìbejì ará Skọ́tílándì tí ohùn wọn kò fi ilé pamọ́ rí, ló fún ní orin nípa omidan arẹwà ní èdè ilé wọn. Ó gbé orin kan nípa ọkọ̀ ojú omi mẹ́ta fún The Unthanks, tẹ̀gbọ́n tàbúrò láti àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Rufus àti Martha Wainwright gba ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn náà jẹ́ ọmọ tí bàbá àti ìyá jẹ́ olórin tí wọ́n kọ ara wọn sílẹ̀. Ó kọ orin kan tó ń jẹ́ “John Grant,” ó sì ní kí John Grant fúnra rẹ̀, olórin ará Amẹ́ríkà, wá lé e. Teddy gba orin tó dá lórí àwọn ìdílé olórin, títí kan ìdílé tiwọn. Ẹni tó ṣe èyí ti tẹ́tí sí àwọn ẹlòmíràn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bóyá ohun tí ọ̀fun tó há fi kọ́ ọ nìyẹn, kí etí rẹ̀ máa ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹnu ò lè ṣe é.

Òwe kan ń pe ara rẹ̀ níbí: bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ó bá a mu, torí Teddy ló dúró ti ìyá rẹ̀ nídìí iṣẹ́ gbígba orin sílẹ̀ láti 2002. Síbẹ̀ mo fẹ́ bá òwe náà jiyàn díẹ̀. Bí a bá ti pa òwe yìí, ojú arúgbó tí kò ní nǹkan kan lọ́wọ́ mọ́ la fi ń wo òkété. Linda kò mú ọwọ́ òfo wá. Àwọn ọmọ ló ní ohùn, ìyá ló ní ọ̀rọ̀. Bí kò bá sí orin, kí ni wọn ì bá fi ohùn náà ṣe lọ́jọ́ yẹn?

Mo pe màmá mi

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo pe màmá mi lórí fóònù. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n rántí orin kan tí ìjọ máa ń kọ nígbà tí mo wà ní kékeré, tí wọ́n ṣì ń kọ títí dòní nígbà ìdúpẹ́. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, “Èmi ni mo dá a, ìwọ ò mọ̀?”

N kò mọ̀. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń gbọ́ orin náà. Kò sí ẹni tó dárúkọ wọn sí i rí, n kò sì bi wọ́n rí, èmi tí mo jẹ́ ọmọ wọn. Mo ti fi ọdún púpọ̀ káàánú wọn nítorí ohùn tó lọ, n kò ronú kan àwọn orin rí. Wọ́n ní ó kù bíi mẹ́jọ tí ẹnikẹ́ni ò tíì gbọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọ̀rọ̀ ọ̀kan fún mi pẹ̀lú ohùn tó ń já yẹn, mo ń kọ ọ́ sínú ìwé. Nígbà tó kan orin gan-an, wọ́n ní kí n dún un fún àwọn, àwọn á máa tọ́ mi sọ́nà. Ìgbà márùn-ún ni wọ́n dá mi dúró. “Ó ga jù. Sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Má sáré.” A ti kọ mẹ́ta báyìí. Àbúrò mi obìnrin ló ní ohùn nínú wa, òun ló máa lé e.

Nítorí náà, nígbà tí mo tún gbé àwo Linda Thompson sí i lálẹ́ àná, orin àkọ́kọ́ ni mo fẹ́ gbọ́, “The Solitary Traveller.” Orin nípa obìnrin tó ní ohùn nígbà kan tí kò ní in mọ́ ni. Kami Thompson ló lé e. Kami ni ọmọ kẹta, ọmọ ọwọ́ ọdún 1982. Òun ló wà nínú ìyá rẹ̀ ní òpin 1981 nínú sítúdíò, nígbà tí èémí ìyá náà kò tó láti fa ìlà orin dópin. Kò gbọn ohùn, kò fà á, kò fi ẹkún kún un. Ó mí sínú, ó sì kọ ìlà àkọ́kọ́ náà jáde pátá láìdúró.